Iṣẹ́ Àtúnṣe Lọ́tọ̀, Àṣírí Lọ́tọ̀

Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín ní Ọgbà. Níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí títì Ìjàyè, jẹnẹrétọ̀ ń ké, kọ́ńdọ́ dáńfó ń pe èrò Agége, síbẹ̀ gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló gbọ́ ohun tí màmá oníṣòwò kan sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ bá a tún laptop rẹ̀ ṣe.

“Mọ́mì, kí ni password ẹ̀?”

“Orúkọ àkọ́bí mi ni, ọmọ mi. Wàá wá fi ọdún tí mo bí i sí i lẹ́yìn.”

Ọmọkùnrin náà fa téèpù funfun já. Ó kọ orúkọ màmá sí i, ó kọ nọ́ńbà fóònù wọn, ó kọ password náà sísàlẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí laptop. Ó wá gbé e lé orí àwọn yòókù tó ti wà nílẹ̀. Téèpù wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá kàn yà síbẹ̀ láti ra ṣájà lè ka gbogbo rẹ̀ láì bẹ̀rẹ̀.

Kí ló ṣe laptop náà gan-an? Sikirínì rẹ̀ ló fọ́. Kò sì sí ohun tí password ń wá níbi ká tú síkúrú, ká yọ sikirínì tó fọ́, ká fi òmíràn sí i. Bí ẹ̀rọ náà bá ti tàn dé ojú ibi tó ti ń béèrè password, tí àwòrán ibẹ̀ mọ́ kedere, iṣẹ́ ti parí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí lọ́pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti Ọgbà dé Ìkẹjà. Àwọn nǹkan tí àtúnṣe ń fẹ́ kò tó nǹkan. Ohun tí a ń fi lé wọn lọ́wọ́ ló pọ̀ jù.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ju irin lọ

Ẹ wo laptop oníṣòwò kan tó ti lo ọdún márùn-ún. Nọ́ńbà NIN àti BVN rẹ̀ wà níbẹ̀, nínú fọ́ọ̀mù kan tó kún nígbà tó fẹ́ yáwó. Ìwé báńkì rẹ̀ wà níbẹ̀, rìsíìtì ilẹ̀ tó rà wà níbẹ̀, àwòrán ìbùwọ́lùwé rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Fọ́tò àwọn ọmọ ńkọ́? Orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà tó jẹ ẹ́ lówó ńkọ́? WhatsApp rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò jáde kúrò níbẹ̀ rí.

Ímeèlì ló léwu jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti wọ inú ímeèlì èèyàn lè béèrè pé òun ti gbàgbé password ibòmíràn, inú ímeèlì yẹn náà ni wọ́n á sì fi ọ̀nà tí yóò fi yí i padà ránṣẹ́ sí. Ilẹ̀kùn kan ló ṣí, gbogbo yàrá ló ṣí sílẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé nítòsí Acme Road sọ pé ọ̀rọ̀ fọ́tò kọ́ ló ń dẹ́rù ba òun. “Ìbéèrè ìdánwò àwọn iléèwé ló wà lórí tèmi,” ó ní. “Bí ó bá jáde lọ́sẹ̀ kan ṣáájú ìdánwò, ta ló tún máa gbé iṣẹ́ fún mi?” Ní àdúgbò tí ilé iṣẹ́ ńlá àti kékeré pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àṣírí tó wà lórí laptop kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó gbé e wá nìkan.

Láti Ọ̀tìgbà wá sí Ọgbà

Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní agbègbè yìí kẹ́ ẹ má dárúkọ Computer Village ní Ìkẹjà. Ilé gbígbé ló wà ní àdúgbò Ọ̀tìgbà tẹ́lẹ̀, kó tó di pé àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń tún un ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìsàlẹ̀ ilé níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ọjà náà ràn dé òpópónà Pepple, ó ràn dé Ọlá Àyẹ̀ní, ó ràn dé Kódẹ́ṣọ́. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé àwọn yóò kó o lọ sí Kàtángówà.

Ọ̀tìgbà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún laptop ṣe ní Ọgbà, Agége àti Ìfàkọ̀ ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, wọ́n gba fírídọ́ọ̀mù, wọ́n wá ṣọ́ọ̀bù sítòsí ilé. Lábẹ́ ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ bí a ṣe ń jó irin pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, bí a ṣe ń fi mítà wá ibi tí iná ti já, bí a ṣe ń mọ ojúlówó bátìrì yàtọ̀ sí ayédèrú. Agbára káká ni ẹnìkan fi máa jókòó tì í láti kọ́ ọ ní ohun tí kò yẹ kó ṣí wò.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó ní: “Ọ̀gá mi kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ jí kọ́sítọ́mà ní RAM. Kò kọ́ mi ní nǹkan kan nípa fáìlì.”

Àṣírí òyìnbó ló kọ́kọ́ wọ ọjà wa

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ laptop tí a ń lò. Bí wọ́n ṣe ń kó wọn wọlé láti òkè òkun náà ni wọ́n ń kó ohun tó wà lórí wọn wọlé.

Lọ́dún 2005, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Basel Action Network gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọ Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé 500 kọ̀ǹténà ló ń wọlé lóṣooṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bí 800 kọ̀ǹpútà. Àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà fúnra wọn sọ fún wọn pé ohun tó tó ìdá 75 nínú 100 ni kò wúlò mọ́. Àwọn olùwádìí náà kó dísìkì láti ọjà, wọ́n yẹ inú wọn wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Gánà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà ra dísìkì àlòkù ní Tema. Lórí ọ̀kan tí wọ́n rà ní 40 dọ́là, wọ́n bá ìwé iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ Northrop Grumman gbà lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, tó fi mọ́ ti iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun wọn. Amẹ́ríkà, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò mọ̀ pé ìwé òun wà lórí tábìlì ọjà nítòsí Accra.

Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó ló ń sọ àṣírí nù. Ní báyìí, ó ti kan àwa náà, nítorí laptop tí a rà ní tòkunbọ̀ lọ́jọ́sí ti gbó mọ́ wa lọ́wọ́, a sì ń tà á fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ laptop tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni Windows 11 kò gbà wọlé. Àwọn kan ń tà wọ́n, àwọn kan ń pààrọ̀ wọn, àwọn kan ń fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Mélòó nínú wọn ló rántí dísìkì?

“Mo ti pa á rẹ́” kò sọ pé ó ti parẹ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbára lé ni pé wọ́n ti tẹ “delete”, tàbí pé ẹ̀ńjíníà ti bá wọn fi “format” sí i. Àwọn méjèèjì kì í sábà nu nǹkan kan.

Kọ̀ǹpútà ní ìwé kékeré kan tó fi ń rántí ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lórí dísìkì. Bí ẹ bá tẹ “delete”, tí ẹ sì da ibi ìkólẹ̀sí nù, orúkọ fáìlì yẹn ló yọ nínú ìwé rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ya ojú ewé tí wọ́n to àkòrí sí kúrò nínú ìwé ńlá: àkòrí lọ, ìtàn wà níbẹ̀ digbí. Lórí hard disk, títí tí kọ̀ǹpútà yóò fi kọ nǹkan mìíràn lé ibẹ̀ lórí, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ lè wá a rí. “Format” oníkíá náà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn olùwádìí méjì ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, Simson Garfinkel àti Abhi Shelat, fi èyí hàn nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003. Wọ́n ra dísìkì àlòkù 158. Nínú 129 tó ṣì ń ṣiṣẹ́, 12 péré ni wọ́n nù mọ́ bó ṣe yẹ. Nọ́ńbà káàdì ìsanwó tí wọ́n bá lórí ìyókù lé ní 5,000.

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀

Ṣé gbogbo àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló ń yọjú wo nǹkan oníǹkan ni? Rárá o. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2022, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Guelph ní Kánádà gbé laptop fún àwọn ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe. Àléébù tó rọrùn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i lára: wọ́n pa ohùn rẹ̀. Wọ́n wá fi ohun kan sínú rẹ̀ tó ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí onítúnṣe bá wọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù 16, wọ́n yẹ fáìlì aládàáni wò ní mẹ́fà. Ní méjì nínú wọn, wọ́n da fáìlì kọ lọ sórí ẹ̀rọ tiwọn. Àwọn kan nínú wọn gbìyànjú láti nu ipa ẹsẹ̀ wọn. Laptop tó ní orúkọ obìnrin ni wọ́n sì tú wò jù.

Ní Hong Kong, ó ba ayé ẹnìkan jẹ́. Òṣèré Edison Chen gbé laptop rẹ̀ fún àtúnṣe, àwọn fọ́tò ìkọ̀kọ̀ tó wà lórí rẹ̀ sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2008. Ó kúrò nídìí iṣẹ́ òṣèré níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ rán onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó da fọ́tò náà kọ lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ àbọ̀ lọ́dún 2009. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Àwọn onítúnṣe ní Ọgbà náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ ìdí tí àwọn fi ń gba password: “Kọ́sítọ́mà á gbé e lọ sílé, á padà wá lọ́la pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, èmi ni mo bà á jẹ́. Bí n kò bá wọlé, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ pé?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Bẹ́ ẹ bá lè dúró, ẹ fúnra yín tẹ password, kí ẹ jọ yẹ kámẹ́rà, ohùn àti Wi-Fi wò lójú ara yín. Bẹ́ ẹ ò bá lè dúró, onítúnṣe lè ní fláàṣì tí Linux, ètò bíi Windows, wà lórí rẹ̀. Yóò kì í bọ laptop, ẹ̀rọ yóò tàn láti orí fláàṣì, yóò sì dán gbogbo rẹ̀ wò láì fọwọ́ kan dísìkì yín. Fláàṣì bẹ́ẹ̀ kò wọ́n, Linux sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Kí ẹ tó gbé e kúrò nílé

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ da gbogbo fáìlì yín kọ sórí dísìkì ìta. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé wọ́n á jí àṣírí àwọn, wọ́n á gbàgbé pé ó lè ṣòfò pátápátá. Iná tó ṣẹ́ lójijì lásìkò àtúnṣe ti tó.

Èkejì, bí laptop bá ṣì ń tàn, ẹ jáde kúrò nínú ímeèlì, WhatsApp àti báńkì. Ẹ yọ àwọn password tí Chrome bá yín tọ́jú. Láti orí fóònù yín náà, ẹ lè wọ inú WhatsApp, kí ẹ lé laptop náà kúrò lára àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta ló dára jù: ẹ yọ dísìkì. Nínú ọ̀pọ̀ laptop tó ti pẹ́, síkúrú mélòó kan lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ máa tú. Ẹ pa á pátápátá, ẹ fa ṣájà yọ, ẹ yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ. Dísìkì àtijọ́ fẹ̀ tó ínṣì méjì àbọ̀, irin ló bo ara rẹ̀. Tuntun inú wọn rí tẹ́ẹ́rẹ́, síkúrú kan ṣoṣo ló sì sábà ń dì í mú. Bí ọwọ́ yín kò bá gbà á, ẹ ní kí onítúnṣe yọ ọ́ lójú yín, kí ẹ fi sínú báàgì, kí ẹ máa gbé e lọ. Sikirínì, kíbọ́ọ̀dù, bátìrì, fáànù, ojú ibi tí ṣájà ń wọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè tún ṣe láìsí dísìkì nínú ẹ̀rọ.

Ní àwọn laptop pẹlẹbẹ ìsinsìnyí, pàápàá Mac, wọ́n ti jó dísìkì mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé yọ. Fún irú wọn, ẹ ti dísìkì pa kí wàhálà tó dé. Lórí Windows, BitLocker tàbí “Device encryption” ló ń ṣe é. Lórí Mac, FileVault ni. Yóò yí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ padà di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà láìsí kọ́kọ́rọ́. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: BitLocker á fún yín ní kọ́kọ́rọ́ kan tó ní nọ́ńbà 48 nínú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ sílé. Bí dísìkì bá wà lọ́tọ̀, tí onítúnṣe sì pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà yẹn ni laptop máa béèrè. Bẹ́ ẹ ò bá rí i, fáìlì yín ti lọ nìyẹn.

Bó bá wá di dandan kí ẹ fún wọn ní password, ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn sórí laptop náà tí kò ní nǹkan kan nínú, tí kì í ṣe ti alákòóso. Tiẹ̀ ni kí ẹ fún wọn. Ẹ pa á rẹ́ nígbà tí ẹ bá gbà á padà.

Bí dísìkì gan-an ló ń ṣàìsàn

Ìgbà kan wà tí gbogbo èyí kò lè ràn yín lọ́wọ́: bí dísìkì fúnra rẹ̀ bá bà jẹ́, tí ẹ sì fẹ́ kí wọ́n gba fáìlì jáde. Kò sí bí ẹni tó fẹ́ gbà á jáde kò ṣe ní rí i.

Bó bá ń dún kó-kó-kó, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe tàn án léraléra, nítorí títàn yẹn lè sọ ohun tó ṣeé gbà di àgbákò. Níbi báyìí, orúkọ rere ló yẹ kí ẹ wá, kì í ṣe owó pọ́ọ́kú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn lọ́yà àti oníṣirò owó ládùúgbò, wọn kì í gbé tiwọn fún ẹni tí wọn ò mọ̀. Ẹ jókòó ti àwọn tó ń ṣe é bó bá ṣeé ṣe. Ẹ ní kí wọ́n kó o sórí dísìkì tí ẹ mú wá fúnra yín, kí wọ́n sì pa ẹ̀dà tó kù lọ́dọ̀ wọn rẹ́ lójú yín.

Dísìkì àtijọ́ dà?

Àtúnṣe tó gbajúmọ̀ jù fún laptop tó ń fà ni kí wọ́n yọ hard disk, kí wọ́n fi SSD sí i. Kọ́sítọ́mà á rí i bó ṣe ń sáré, inú rẹ̀ á dùn, á sanwó, á lọ. Hard disk tó yọ, tí gbogbo ayé rẹ̀ wà lórí rẹ̀, á kù sínú dúrọ́ọ̀ onítúnṣe. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn.

Ẹ gbà á padà. Àpótí kékeré tó ní wáyà USB wà tí wọ́n ń fi dísìkì sí. Ẹ rà á, ẹ máa fi dísìkì náà tọ́jú ẹ̀dà fáìlì yín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ nù ún dáadáa. Àjọ NIST ti Amẹ́ríkà sọ pé fún hard disk, kíkọ nǹkan lé gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti sábà máa ń tó. Bí ẹ bá lo “Reset this PC” ti Windows, ẹ yan “Remove everything”, kí ẹ sì ṣí “Clean data” níbẹ̀, ohun tó ń kọ nǹkan lé e lórí nìyẹn. SSD yàtọ̀, nítorí kì í kọ nǹkan sójú kan náà. Àṣẹ ìnudà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é pèsè ni kí ẹ lò.

Hard disk tó ti kú pátápátá, ẹ lu ihò sí i láàárín. Ẹ fi awò bo ojú yín, torí gíláàsì ló wà nínú ọ̀pọ̀ dísìkì laptop. Ẹ má sun ún o, èéfín rẹ̀ léwu.

Òfin wà, ìwé ni kò sí

Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 sọ wíwọ inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbo dátà, àjọ NDPC ló sì ń mójú tó o.

Lọ́yà kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí Ọgbà ní ọ̀rọ̀ náà kì í kọsẹ̀ lórí òfin, orí ẹ̀rí ló ti ń kọsẹ̀. “Wàá ní wọ́n da fáìlì rẹ kọ. Ọjọ́ wo lo gbé e fún wọn? Kí lo ní kí wọ́n ṣe? Ṣé ìwọ kọ́ lo fún wọn ní password?” Àmọ̀ràn rẹ̀ kò le: ẹ gba rìsíìtì. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ laptop àti ti dísìkì sí i, kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí ẹ gbé fún wọn, kí wọ́n kọ bóyá dísìkì wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i.

Onítúnṣe kan ní Àgùdá ti ń yọ dísìkì fún kọ́sítọ́mà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní àwọn lọ́yà ló kọ́kọ́ fi ipá mú òun, pé bí òun kò bá ní yọ dísìkì fún wọn lójú ẹsẹ̀, àwọn á gbé iṣẹ́ àwọn lọ sí Ọ̀tìgbà. Ó bí òun nínú, ó dà bí ìgbà tí wọ́n pe òun lólè. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń yọ ọ́ kí kọ́sítọ́mà tó béèrè.

“Ààbò tèmi ni,” ó ní. “Bí dísìkì yín bá wà lọ́wọ́ yín, tí owó yín bá lọ ní báńkì lọ́la, ẹ ò ní mú ọlọ́pàá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.”